Gbọ́dọ̀ àti Lè: Ọ̀nà Tí Ẹ̀tọ́ àti Ìlera Ń Gbà Di Òfin ní Ìpínlẹ̀

Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ló wà níwájú gbọ̀ngàn náà. Mo kà á nítorí pé ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan ni mo dúró sí nísàlẹ̀ rẹ̀, obìnrin náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ, ó ń wòkè. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ló pe aráàlú wá sọ tinú wọn lórí àbádòfin ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló wà nínú ìwé ìpè, aago mẹ́wàá sì ti lù. Kò sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan tí kẹ̀kẹ́ lè yí gùn. Àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ṣọ́ méjì sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé yín." Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Ó pe ọmọbìnrin tó sìn ín wá, ó ní kó fi fóònù ya àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìgbà tí ọmọ yà á tán ló tó jẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn án, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni alága fún un. Kò ka ìwé kankan. Ó ní, "Ẹ̀yin Ọnọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ṣeun tí ẹ ránṣẹ́ pè wá. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni mo bá níta, àwọn ọmọ yín sì gbé mi wọlé bí àpò gààrí. Abala kẹrìnlá ìwé tó wà níwájú yín ní ilé ìjọba 'lè' ṣe ọ̀nà fún irú wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ 'lè' yẹn, kí ẹ fi 'gbọ́dọ̀' sí i." Ó dákẹ́. Kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àbádòfin náà, Yorùbá ló fi tú u palẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò yé nínú gbọ̀ngàn. Mo rí i tí ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ṣí ìwé rẹ̀ sí abala kẹrìnlá, ó fa ìlà sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ń sunkún wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ìbínú sọ̀rọ̀ náà wà, mi ò sì bá wọn wí, nítorí ohun tí ojú wọn rí ju ẹkún lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ kí wọ́n yí padà, tó sì mọ ojú ìwé tó wà, òun ni mo máa ń rí tó mú nǹkan lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń rin ìrìn yẹn láti ọ̀rọ̀ ẹnu dé òfin, àti láti òfin dé owó, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ bá délẹ̀, Àbújá ni púpọ̀ nínú wa ń kọjú sí. A rò pé ibẹ̀ ni gbogbo òfin ti ń ṣàn wá. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ka àwọn nǹkan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, bí iṣẹ́ ológun àti owó títẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú àkójọ yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin lé e lórí. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya nínú yàrá, ilé tí wọ́n kọ́ láìsí ọ̀nà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn: ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kángun sí. Òfin tó de ìwà ipá sí ọmọnìyàn, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé Àbújá nìkan ni òun ti lágbára. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti gbé e wọlé, kó sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ìpínlẹ̀ tó bá sì yá lè ṣáájú Àbújá. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti ọdún 2007. Èkìtì ṣe tirẹ̀ lórí ìwà ipá tó jẹ mọ́ akọ tàbí abo ní ọdún 2011, nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí jẹ́ gómìnà, tí ìyàwó rẹ̀, Bísí Adélẹ́yẹ-Fáyẹmí, sì ti òfin náà lẹ́yìn gan-an. Ní ọdún 2011 yẹn kan náà ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Èkó, òfin tó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ìgbà wo ni ti ìjọba àpapọ̀ tó dé? Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn Èkó.

Ìdí tó fi yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà rárá hàn nínú ìwé òfin 1999 fúnra rẹ̀. Abala 42 ka àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀: ẹ̀yà, ìlú tó ti wá, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, tàbí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Àlàfo yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ àkàndá ẹ̀dá ń sáré dí láti ìgbà náà wá, ìpínlẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ tún wo iye ènìyàn tó yẹ ká bá sọ̀rọ̀. Aṣòfin tó wà l'Ábùjá jẹ́ 469 tí a bá pa ilé méjèèjì pọ̀. Èkó ní 40, Ọ̀yọ́ ní 32. Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ní 26 níkọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́, àmọ́ tó ní ènìyàn mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀, lè kan ilẹ̀kùn 26 láàárín oṣù méjì.

Ilẹ̀kùn ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ kàn? Àwọn kan máa ń ní ká gba ọ̀dọ̀ gómìnà lọ, kí àbádòfin náà ti ọ́fíìsì rẹ̀ wá. Òótọ́ ni pé èyí máa ń yá, nítorí àwọn amòfin ìjọba ló máa kọ ọ́, ọwọ́ tó sì máa buwọ́ lù ú níkẹyìn ló gbé e wá. Ìpalára tó wà níbẹ̀ ni pé bí gómìnà bá yí ọkàn padà, tàbí tí sáà rẹ̀ bá tán, ìwé náà lè di aláìlóbìí. Èmi fẹ́ràn kí ọmọ ilé gbé e wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹnì kejì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó lórí ìlera, tàbí ti ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbé ayé aráàlú, ló dára jù tí a bá rí i, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé náà máa padà wá bá lọ́nàkọnà.

Ẹ má lọ bá a nílé ìgbìmọ̀. Èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ìlú rẹ̀ ni kí ẹ lọ, lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn tó ń dìbò ní ẹkùn rẹ̀ gan-an sì ṣáájú. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó kó ènìyàn méje lọ sọ́dọ̀ Ọnọ́rébù kan: ìyá aláṣọ òkè kan, tíṣà méjì, ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, ọ̀dọ́langba adití kan àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú bàbá àgbà kan tó mọ ilé bàbá Ọnọ́rébù náà bí ẹní mowó. Bàbá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kí i ní oríkì ilé wọn. Ó ní, "Ọmọ wa ni ọ́, a ò wá gba owó. Iṣẹ́ la gbé wá bá ọ." Lẹ́yìn náà ni tíṣà kan yọ àbádòfin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́sàn-án, tí agbẹjọ́rò kan ti bá wọn tò láìgba kọ́bọ̀. Ọnọ́rébù náà ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni máa bá òun wá láti ẹkùn òun tí kò ní béèrè owó ìsìnkú tàbí owó ilé ìwé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n ka àkọlé ìwé náà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá gbógun ti owó orí lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, orin àti jíjókòó sí ààfin ni ìtàn fẹ́ràn láti máa sọ. A kì í sábà rántí pé wọ́n kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀ ní ọdún 1947, wọ́n sì kọ ọ̀nà àbáyọ mọ́ ọn: kí wọ́n yọ owó orí kúrò lórí obìnrin, kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó dípò rẹ̀, kí ìṣèjọba sì ní aṣojú, obìnrin pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní kí ìjọba pa orísun owó kan tì, tó sì fi òmíràn hàn án, kò ṣeé lé dànù bí aláriwo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Nínú ilé Ransome-Kútì yẹn kan náà ni Olikoye ti jáde, tó di mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, tó ń wàásù ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé káàkiri, àti Beko, dókítà tó di alágbàwí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ó wù mí láti máa rántí èyí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìlera.

Ọ̀nà tí ìwé ń gbà nínú ilé kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á ka àkọlé rẹ̀ fún ìgbà kìn-ín-ní, kò sí àríyànjiyàn lọ́jọ́ náà. Nígbà kejì, ẹni tó gbé e wọlé á dìde ṣàlàyé ìdí rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì fèsì. Ìwé lè kú níbẹ̀, torí náà kí àwọn tó ń jà fún un má fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Aṣòfin tó bá rí ará ẹkùn rẹ̀ lókè ibi ìjókòó aráàlú máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ. L'Álàúsà, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n ti ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún jíjókòó ní èdè Yorùbá. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ìwé yín bọ́ sí ọjọ́ yẹn. Aṣòfin tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó yẹ kí a "tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò" máa ń rí i pé kò rọrùn láti fi ẹnu Yorùbá sọ fún ìyá àgbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì kánjú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, tí wọ́n á sì pe aráàlú. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa.

Àwọn tí kò fẹ́ ìwé náà máa wá. Àwọn tó ni ilé ìwòsàn aládàáni máa wá, àwọn onílé, àwọn oníléeṣẹ́. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó ló ń já wọn láyà: mélòó ni ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ná mi, ta ló máa san owó ẹni tó ń túmọ̀ èdè adití? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ẹ tó dé gbọ̀ngàn, ẹ gbọ́dọ̀ ti jókòó pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ, kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ lè gbà nínú rẹ̀. Àkókò ni wọ́n sábà máa ń tọrọ. Òfin àpapọ̀ ti 2019 fún àwọn ilé tí aráyé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ wo báńkì àdúgbò yín, ẹ wo kóòtù, ẹ wo ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́la tí ẹ bá ń kọjá. Ojú ara yín á sọ fún yín. Ìyẹn ló mú kí n máa sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n fún wọn ní àkókò o, ṣùgbọ́n kí wọ́n pín in: ilé ìwòsàn àti ilé ẹjọ́ lọ́dún kìn-ín-ní, ilé ìwé lọ́dún kejì, kí kọmíṣọ́nnà sì máa wá jábọ̀ nínú ilé lọ́dọọdún.

Òfin 2019 yẹn kan náà ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba gba àkàndá ẹ̀dá síṣẹ́ kó tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn, ó kéré tán. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà tán: "níwọ̀n bó bá ti lè ṣeé ṣe" wà láàárín rẹ̀. Gbólóhùn kékeré yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni lè gbà jáde. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ lónìí kò ní láti da gbólóhùn náà kọ.

Ìwé àbá tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ilé, ẹ má jẹ́ kó ju ojú ìwé méjì lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà abala tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀. Ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún ìdí rẹ̀. Àwọn tó ń bá ìgbìmọ̀ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ló máa pa gbogbo ìwé yìí pọ̀, wọ́n sì máa ń wá ohun tí wọ́n lè gbé tààrà sínú ìròyìn wọn. Ẹni tó bá ti bá wọn kọ ọ́ tán ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Bí ẹ bá ní adití láàárín yín, ẹ kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé kí ilé pèsè atúmọ̀ èdè wọn. Bí wọn ò bá pèsè rẹ̀, ẹ mú tiyín dání, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sókè ketekete níwájú gbogbo ènìyàn.

Ẹni tó kàn ni kó sọ̀rọ̀. Mo ti rí ibi tí agbẹjọ́rò mẹ́fà tò lẹ́yìn ara wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún afọ́jú tó jókòó sẹ́yìn wọn láìgbin. Nígbà tí afọ́jú náà wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn níkẹyìn, tó ṣàlàyé bí òun ṣe máa ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ kó bá òun ka orúkọ oògùn lára ìgò, alága ìgbìmọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ló gbé wa dé apá kejì. Ẹ̀tọ́ tí kò dé ilé ìwòsàn kò tíì dé ibi tí ó ti ń dun ènìyàn jù. Ní ọdún 1995, ilé ìwòsàn kan l'Ékòó lé olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan kúrò níṣẹ́ nítorí kòkòrò HIV, nígbà tó wà nínú oyún. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ilé ẹjọ́, adájọ́ tó kọ́kọ́ jókòó lórí rẹ̀ ní ọdún 2001 kò sì jẹ́ kó wọlé wá jẹ́rìí àfi tí dókítà bá kọ́kọ́ wá sọ pé kò ní kó o ran àwọn tó wà nínú kóòtù. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó tó dá obìnrin náà láre, tí wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Ọmọ tí èèyàn bí lọ́dún tí wọ́n lé e ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dìbò. Láàárín àkókò yẹn ni Èkó ṣe òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní kòkòrò náà, lọ́dún 2007. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2014. Ilé ẹjọ́ dára, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ẹjọ́ ń gbà sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti jìyà. Ohun tó ń gbé àwọn agbàwí lọ sílé aṣòfin ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má jìyà náà rárá.

Ìnira kejì ni owó. Adójútòfò ìlera jọ èsúsú, ibi kan ló ti yàtọ̀. Nínú èsúsú, owó tí o dá ni wàá kó. Nínú èyí, ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó o, tí ara rẹ bá sì le títí ọdún fi parí, o ò ní bínú, nítorí o ò mọ ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Èkó ṣe òfin ètò ìlera tirẹ̀ ní 2015. Ètò tó jáde nínú rẹ̀ ni aráàlú mọ̀ sí Ìlera Èkó. Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, òfin àpapọ̀ tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ní oṣù keje ọdún 2024 sì ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lu àṣẹ kan tó tẹnu mọ́ dandan yìí l'Ékòó.

Nígbà tí irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ bá dé ilé, gbogbo ènìyàn á máa sọ̀rọ̀ nípa iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba máa san. Ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n béèrè ni pé: ta ló máa san ti ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì, tí kò ní ọ̀gá tó lè yọ owó lára owó oṣù rẹ̀? Òfin tó bá dára máa ń dárúkọ orísun owó tálákà, á sì fi ìdá kan pàtó nínú owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ síbẹ̀. Òfin ìlera àpapọ̀ ti 2014 ṣe bẹ́ẹ̀: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú àpapọ̀ owó tó wọlé fún ìjọba àpapọ̀, kó lọ sínú àpò ìtọ́jú tó pọn dandan. Òfin yẹn náà ló sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ẹ rí i, "gbọ́dọ̀" tún nìyẹn. Ìbéèrè kejì: ṣé àìsàn ọpọlọ wà nínú ohun tí adójútòfò náà máa san? Títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí òfin ìlera ọpọlọ tuntun dé, òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ la ń lò, òfin tó ń pe ènìyàn ní wèrè, tó sì ń wá bí wọ́n ṣe máa tì í mọ́lé. Èyí nílẹ̀ tí Adéoyè Lambo ti ń tọ́jú irú wọn ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bí wọ́n bá ti ka ìwé náà nígbà kẹta, tí ilé fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìwé òfin fún un láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin bá tún fọwọ́ sí i, òfin ló dà láìsí ọwọ́ rẹ̀. Nílé oníye 26, ènìyàn 18 nìyẹn. Ó ṣòro kí àwọn ilé wa ṣe é, mi ò ní tàn yín. Nítorí náà, ẹ ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ kọ lẹ́tà ìkíni. Ní ogúnjọ́, ẹ jẹ́ kí ọba ìlú, bíṣọ́ọ̀bù, tàbí lémọ́ọ̀mù àgbà tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yín bá yín pè é.

Lọ́jọ́ tí gómìnà bá buwọ́ lù ú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á sì tú ká lọ sílé. Àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ìwé òfin 1999 sọ nínú orí rẹ̀ kejì pé kí ìjọba pèsè ìtọ́jú ìlera tó péye fún gbogbo ènìyàn, ó sì tún sọ níbòmíràn pé a kò lè torí ohun tó wà ní orí kejì yẹn gbé ìjọba lọ ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jókòó l'Ábùjá tiwa yìí, wọ́n ṣèlérí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná fún ìlera. Ìlérí kò ní abala tí a lè fi pe ẹjọ́. Ètò ìṣúná ló yẹ ká máa wò. Ojú ìwé rẹ̀ ni òfin ti ń mí, níbi tí nọ́ńbà wà níwájú orúkọ ọ́fíìsì. Gómìnà sábà máa ń gbé e wá sílé nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba á sì máa wá gbèjà tiwọn níwájú ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aráàlú díẹ̀ ló ń mọ ọjọ́ náà.

Obìnrin orí kẹ̀kẹ́ yẹn mọ̀ ọ́n. Àbádòfin wọn ti di òfin nígbà náà, "gbọ́dọ̀" sì ti wọ abala kẹrìnlá. Ó wá ní oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ tó kan iléeṣẹ́ ìlera. Wọ́n ti da kọnkéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn mọ́kànlá náà, ó ga jù díẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ní láti tì í gidigidi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé e. Ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó gbé ìwé ètò ìṣúná lé itan, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà. Ó rí owó ọ́fíìsì àkàndá ẹ̀dá. Ó rí owó àwọn kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé ìlà àwọn atúmọ̀ èdè adití fún ilé ìwòsàn ìjọba, òdo ló wà níbẹ̀.

Kò sọ nǹkan kan, torí wọn kì í fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ya bébà kékeré, ó kọ nọ́ńbà ojú ìwé àti ti ìlà náà sí i, ó ní kí ọmọ rẹ̀ mú un lọ fún Ọnọ́rébù tó gbé àbádòfin wọn wọlé lọ́jọ́sí. Mo rí i tí ọkùnrin náà kà á, tó sì ṣí ìwé tirẹ̀ wá ojú ewé náà. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ìyá náà dá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ akọ̀wé ilé dúró. "Ọmọ mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé àbá fún ti ọdún tó ń bọ̀?"